Ta ló ń dá owó ẹrù lé wa lórí? Ìtàn rélùwéè Àjàṣẹ́ sí Pobè àti lọ́rì tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀

Bí ẹ bá dé gáráàjì tó wà nítòsí ọjà Ouando ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ẹ sì gbọ́ ariwo, ẹ má bẹ̀rù, ìjà kọ́. Owó ẹrù ni wọ́n ń ná. Àwa tí à ń gbé Tokpota ti mọ ariwo yẹn bí ẹni mọ kíkọ àkùkọ. Ìyá kan á sọ àpò gààrí mẹ́rin kalẹ̀. Awakọ̀ á wo àpò, á wo ojú ìyá, á dá iye kan. Ìyá á ní iye tí òun san lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ á ní epo ti wọ́n. Wọ́n á fà á títí ọkọ̀ á fi kún, ẹni tó bá sì ń kánjú jù nínú àwọn méjèèjì ló máa pàdánù.

Ọ̀rọ̀ epo tí awakọ̀ ń sọ kì í ṣe irọ́. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ tó wà lórí epo bẹntiróòlù, kpayo tí à ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà kò tún padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Zémì gbówó lé e, táásì gbówó lé e, ẹlẹ́rù náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dun àwọn ìyá wa jù ni pé kò sẹ́ni tó mọ iye tí òun máa san kó tó kúrò nílé. Ẹni tó bá gbé ẹrù dé gáráàjì ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì nìyẹn.

Ìdí nìyí tí a fi lọ wo ẹ̀yìn wò. A fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbà kan wà rí ní ilẹ̀ wa yìí tí wọ́n kọ iye owó ẹrù sílẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà ní ojú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó wà. Àkókò rélùwéè ni, pàápàá láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, láti 1918 sí 1939. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ayé àtijọ́ ló dára, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn náà bó ṣe rí.

Ojú irin dé Pobè

Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin ní Dahomey ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ọ̀kan gba Kútọ̀nù lọ sí òkè, ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí ogun àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Parakú ní àárín àwọn ọdún 1930. Láti Kútọ̀nù dé Parakú, kìlómítà 438 ni. Èkejì ni tiwa. Àjàṣẹ́ ló ti gbéra, ó gba Ìtakété tí àwọn Faransé ń pè ní Sakété, ó sì dé Pobè ní 1913. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú irin tiwa yìí dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọ òrukàn, kò bá ti Kútọ̀nù pàdé, nítorí omi ọ̀sà wà láàárín. Nígbà tó di nǹkan bí 1930 ni wọ́n tó so méjèèjì pọ̀ lórí afárá.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé rélùwéè lọ sí Pobè? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pẹ. Gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín Àjàṣẹ́ sí Pobè, igbó ọ̀pẹ ni, èkùrọ́ àti epo pupa ló sì ń mú owó wọlé fún Dahomey. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ìyẹn jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ká wọn lára tó. Kí rélùwéè tó dé, orí ni wọ́n fi ń ru èkùrọ́ wá sí etí ọ̀sà, àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ a tì í, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e lọ sí Kútọ̀nù tàbí sí Èkó. Ẹni tó bá ti ru ẹrù láti Ìtakété wá sí Àjàṣẹ́ rí kò ní bá rélùwéè jà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ̀rín fi pa wá díẹ̀. Lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà la ẹ̀ka ojú irin láti Ifọ̀ gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò, kò sì jìnnà rárá sí ẹnu ibodè. Ó wá di pé rélùwéè ìjọba méjì ń wo ara wọn lójú láti inú igbó kan náà, tí ará ibì kan náà, tí ń sọ èdè kan náà, ń gbin ọ̀pẹ sí. Wọn kò tilẹ̀ lè so pọ̀ bí wọ́n bá fẹ́: ojú irin Faransé fẹ̀ ní mítà kan géérégé, ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀, èyí tó ju mítà kan lọ díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dá iye owó

Àjàṣẹ́ ni olú ìlú Dahomey, ibí ni gómìnà ń gbé. Nítorí náà, orí tábìlì kan nínú ìlú wa yìí ni ọ̀rọ̀ owó ẹrù ti ń kọjá, kó tó lọ bá ọ̀gá gómìnà tó wà ní Dakar. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọba, ní èdè Faransé, ó di òfin. Olórí ibùdó rélùwéè kò lè fi kún un nítorí pé òjò rọ̀ tàbí nítorí pé ojú ìyá oníṣòwò fi hàn pé ó ń kánjú. Ohun tó dára ni èyí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń ru èkùrọ́ wá ló lè ka èdè Faransé? Ẹni tó ń gbé ẹrù wá kò sì ní àga kankan nínú yàrá tí wọ́n ti dá iye náà.

Iye náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ẹrù. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá wa dé ibẹ̀. Rélùwéè káàkiri ayé nígbà yẹn kì í wo ìwúwo ẹrù nìkan, wọ́n tún máa ń wo bí ọjà inú rẹ̀ ṣe níye lórí tó. Aṣọ, sìgá àti ọtí a máa san owó gidi. Èkùrọ́, iṣu, igi àti iyọ̀ a máa san díẹ̀. Bí ọ̀nà bá sì ṣe jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó orí kìlómítà kọ̀ọ̀kan á ṣe máa dínkù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò tiwa ṣe àpẹẹrẹ, àwa la dá iye yìí, kì í ṣe ti ìwé ìjọba. Ká ní rélùwéè fẹ́ gbé tọ́ọ̀nù èkùrọ́ kan àti tọ́ọ̀nù aṣọ kan, ó sì gbọ́dọ̀ rí 100 fàràǹ lórí méjèèjì kó tó lè ra èédú, kó sì san owó òṣìṣẹ́. Bó bá gba 50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 50 yẹn á gbé gbogbo èrè àgbẹ̀ mì, àgbẹ̀ á sì fi èkùrọ́ sílẹ̀ kó jẹrà sí abẹ́ ọ̀pẹ. Nítorí náà, rélùwéè á gba 20 lórí èkùrọ́, á sì gba 80 lórí aṣọ. Aṣọ ń ran èkùrọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún pé, gbogbo èèyàn lọ sílé wọn.

Ìgbà náà ni lọ́rì dé.

Lọ́rì kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí èkùrọ́

Lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́ ni lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní Ìbàdàn, Sálámì Agbájé, tó ti ń ṣòwò pátákò tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù dá iṣẹ́ ńlá sílẹ̀. Awakọ̀ lọ́rì kò ní ìwé tí wọ́n to ọjà sí ní ìpele ìpele. Àyè inú ọkọ̀ ló ń tà. Bí rélùwéè bá ń gba 80 lórí aṣọ, òun á gbé e ní 60, á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sí pé ẹ ń lọ háyà alábàárù ní ibùdó rélùwéè. Bí wọ́n bá gbé èkùrọ́ wá bá a ní 20, á ní kí wọ́n lọ bá rélùwéè.

Ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Aṣọ sá lọ, èkùrọ́ kù. Rélùwéè tí ó nílò 100 wá di ẹni tó ń wo 20. Òfin sì dè é lọ́wọ́: kò gbọdọ̀ kọ ẹrù tí wọ́n bá gbé wá, kò gbọdọ̀ gba iye tó yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé, kò gbọdọ̀ gba tọ̀tún kó fi tòsì sílẹ̀. Lọ́rì kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ pé òun ò lọ lónìí.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé wó lulẹ̀ láti 1929, tí iye èkùrọ́, epo pupa àti kòkó ṣubú, ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Owó ẹrù tí kò yí padà nínú ìwé ìjọba wá di ẹrù ńlá lórí ọjà tí iye rẹ̀ ti já. Bí àpò èkùrọ́ bá pàdánù ìdajì iye rẹ̀, tí owó rélùwéè sì dúró síbi tó wà, ṣebí ìlọ́po méjì ni owó rélùwéè náà di lójú ẹni tó ń san án? Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí kì í yí padà, tí a kọ́kọ́ ń yìn lókè yìí, òun náà ló wá ń fún àgbẹ̀ lọ́rùn.

Ohun tí àwọn ìjọba ṣe

Ìjọba gbogbo ló kó sínú wàhálà yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1921 pa ilé-iṣẹ́ rélùwéè tó lé ní 100 pọ̀ di mẹ́rin ní 1923, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ kan bí ilé ẹjọ́ tó ń dá iye owó wọn. Nígbà tí lọ́rì ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, òfin 1933 ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi lọ́rì kẹ́rù gba ìwé àṣẹ. Ní Faransé, àṣẹ 1934 fẹ́ pín iṣẹ́ láàárín ojú irin àti ojú ọ̀nà, nígbà tó sì di 1938, wọ́n kó gbogbo ilé-iṣẹ́ rélùwéè ńlá wọn pọ̀ di ọ̀kan tí ìjọba ní apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà fi òfin de lọ́rì akẹ́rù ní 1935.

Ní ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe amúnisìn lé lórí, ọwọ́ ìjọba le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ni rélùwéè, òun náà ló sì ń ṣe òfin fún lọ́rì. Agbẹjọ́rò àti adájọ́ di ẹnì kan náà. Ní Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́tò tó yẹ kó so Àkírà pọ̀ mọ́ Kumasi, kí lọ́rì má baà bá rélùwéè díje. Ẹ rò ó wò ná: ọ̀nà dára níbí, ọ̀nà dára lọ́hùn-ún, àárín rẹ̀ nìkan ni wọn kò là. Ní àárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n tún ṣòfin pé àwọn ẹrù kan kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà mọ́tò ní àwọn ibi tí rélùwéè ń gbà.

Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ lọ́rì ni wọ́n fi ń dá a dúró, wọ́n ń bu owó lé e. Àwọn onílọ́rì kò gbà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ onímọ́tò Nàìjíríà, wọ́n sì bá ìjọba wọ̀yá ìjà lórí owó ìwé àṣẹ náà. Ẹ mọ akọ̀wé ẹgbẹ́ yẹn? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìkẹ́nnẹ́ tó ń ṣòwò kòkó tó sì ń fi mọ́tò kẹ́rù, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kó tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba jà.

Ta ló sanwó ọ̀nà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé àwọn ìjọba kì í fẹ́ sọ sókè. Wọ́n máa ń ní lọ́rì ń jẹ rélùwéè níyà nítorí pé rélùwéè ló ń ra irin rẹ̀, òun ló ń tún un ṣe, lọ́rì sì ń sáré lórí ọ̀nà ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ní Dahomey, bí i gbogbo ilẹ̀ Faransé ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ìjọba a máa gba iye ọjọ́ kan lọ́dọọdún lọ́wọ́ ọkùnrin tó ti tójúbọ́, kó wá ṣe iṣẹ́ ọ̀nà, yàtọ̀ sí owó orí tó ń san. Àwọn baba ńlá wa ló fi ọkọ́ àti agbọ̀n la ọ̀nà yẹn. Ọdún 1946 ni wọ́n tó fi òfin fòpin sí iṣẹ́ ipá ní àwọn ilẹ̀ Faransé, lábẹ́ òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé kalẹ̀.

Nítorí náà, bí lọ́rì bá gbé ẹrù ní 60 tí rélùwéè ń gbé e ní 80, 20 tó kù yẹn ò sọnù sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn ẹni tó la ọ̀nà ló ti jáde. Èrò tiwa nìyẹn, a ò sì rí ẹni tó ṣírò rẹ̀ fún wa nínú ìwé ìjọba kankan.

Àwọn ará Àjàṣẹ́ kò dákẹ́ nígbà náà o. Ní 1923, nígbà tí owó orí àti owó ọjà pọ̀ lápọ̀jù, ìlú wa yìí dìde, wọ́n ní àwọn kò san. Ìjọba kó sójà wọ ìlú. Wọ́n mú Louis Hunkanrin, olùkọ́ àti akọ̀ròyìn ọmọ Àjàṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Mauritania fún ọdún mẹ́wàá. Ní 1927, ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní La Voix du Dahomey jáde, ó ń sọ ohun tí ìjọba ò fẹ́ gbọ́, ìjọba sì gbé àwọn tó ń ṣe é lọ sí ilé ẹjọ́ ní àwọn ọdún 1930. Àwa tí à ń kọ̀ròyìn lónìí, tí ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ sí wa ní gáráàjì jẹ́ pé kí awakọ̀ pariwo mọ́ wa, a máa ń rántí wọn.

Ibi tí rélùwéè parí sí

Lọ́rì ló borí. Lẹ́yìn ogun kejì, òun ló ń gbé aṣọ, nígbà tó sì yá, ó gbé èkùrọ́ náà. Ní 1959, Dahomey àti Niger dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó rélùwéè àti lọ́rì pa pọ̀, kí ẹrù Niger lè máa gba ojú irin láti Kútọ̀nù dé Parakú, kó wá gba ojú ọ̀nà láti Parakú lọ. Ẹ wò ó, ohun tí ìjọba àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá kiri láti ogún ọdún sẹ́yìn nìyẹn, pé kí méjèèjì má jẹ ara wọn. Fún àwọn ọdún mélòó kan ó ṣiṣẹ́. Ojú irin Pobè kò jàǹfààní níbẹ̀, nítorí pé kò lọ sí Niger. Ọ̀nà kúkurú ni, ọ̀nà kúkurú sì ni lọ́rì ti máa ń pa rélùwéè jù, nítorí pé kí wọ́n tó kó ẹrù sínú rélùwéè tán, lọ́rì á ti dé. Ọkọ̀ ojú irin kò lọ sí Pobè mọ́.

Ìwé owó ẹrù tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ bá a lọ. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni ẹnu awakọ̀, ẹgbẹ́ awakọ̀, àti ẹnu ìyá oníṣòwò.

A padà lọ sí gáráàjì Ouando lẹ́yìn tí a kó gbogbo èyí jọ, a sì gbé àbá kan kalẹ̀ láàárín àwọn tó wà níbẹ̀: kí wọ́n fi pátákó kan sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kọ iye owó àpò kan sí i, láti ibẹ̀ dé Ìtakété, dé Pobè, dé Kétu, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gùn, kí àwọn ìyá ọjà pẹ̀lú wà níbi tí wọ́n ti dá iye náà. Àwọn ìyá tó gbọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ kan tó ti ń wakọ̀ kí a tó bí wa kò bínú sí wa, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fara mọ́ pátákó náà tọkàntọkàn, bí a bá lè rí ẹni tó máa gbé irú rẹ̀ síwájú àwọn tó ń ta kpayo náà.

Nígbà tí a máa fi kúrò níbẹ̀, wọ́n ti ń ná owó àpò àgbàdo mẹ́ta.